Ó Lọ Ni, Àbí Ó Máa Ń Lọ?

Ẹ má pè mí ní olófòófó o. Fèrèsé mi ló kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, agbada dùndú mi wà lábẹ́ fèrèsé, etí mi sì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n má gbọ́ ọ̀rọ̀ òun, kó gun àpáta Olósùnta lọ, kó lọ máa sọ ọ́ lókè níbẹ̀. Kódà kó rọra sọ ọ́, nítorí Ìkẹ́rẹ́ tí mo mọ̀ yìí, àwọn tó ń dáko nísàlẹ̀ àpáta náà ní etí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ ẹlẹ́lùbọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ, àmọ́ àwọn tó sọ ọ́ fún yín ò sí níbẹ̀. Wọ́n á ti ní obìnrin Ẹmùré kan ló dá ìjà sílẹ̀. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ló dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Sípáníìṣì tí kò gbọ́ràn sí òfin. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jókòó. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ ẹlẹ́lùbọ́, mo gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ọmọ tíṣà kọjá, torí òun ló kó Sípáníìṣì wọ agboolé wa.

Ẹ mọ tíṣà, èyí tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé yàrá ìparí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kàwé tán, ó ti sin ìlú tán, iṣẹ́ ò wá. Ọmọ náà ní òun ò ní jókòó kí òun máa ka igi àjà. Ó ní Faransé ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, òun á kọ́ èdè tí wọn ò gbọ́. Ó ra ìwé olójú ewé púpọ̀, ó kó dátà sórí fóònù, ó di pé kí ó máa rìn síwá-sẹ́yìn nínú yàrá ní ìdájí.

Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, àkùkọ ò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí ohùn fi ń ti yàrá tíṣà jáde: “Iba! Ibas! Iba! Íbamos! Ibais! Iban!” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ìyá alágbo, tí ògiri kan ṣoṣo là wọ́n láàárín, fò dìde lórí ẹní. Létí tirẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ń pariwo ibà, ó sì ń pè é ní mẹ́fà-mẹ́fà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìkòkò ti wà lórí iná: ewé dongoyárò, èèpo máńgòrò, ewé ìbẹ́pẹ, kóókò ọba, ọsàn wẹ́wẹ́. Ó gbé e wọlé tòun ti èéfín. Ó fi aṣọ òtútù méjì bo ọmọ náà mọ́ ìkòkò.

“Màmá, kì í ṣe ibà! Iba ni!”

“Mo ti gbọ́, ọmọ mi, iba ni. Ya ẹnu.”

Ọmọ náà mu ún, ó sùn títí di ọ̀sán. Ìyá alágbo gba owó àgbo lọ́wọ́ tíṣà, títí di òní olónìí kò sì gbà pé ẹ̀kọ́ ni ọmọ náà ń kọ́. Ó ní bí kì í bá ṣe ibà, kí ló wá ń làágùn sí? Èmi ò dá sí i. Ẹni tí wọ́n fi aṣọ méjì bò mọ́ ìkòkò gbígbóná tí kò bá làágùn, ẹ yáa ránṣẹ́ pe àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó wá ra àkàrà, mo sì bi í léèrè: kí ni iba yìí gan-an? Ìbéèrè tí mo bi tán nìyẹn tí àkàrà fi jóná.

Ó ní, “Màmá, nínú èdè tiwa, lọ ni lọ. Èmi lọ, ẹ̀yin lọ, wọ́n lọ, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Tí a bá fẹ́ sọ ìgbà, a ó fi nǹkan kékeré síwájú rẹ̀: ń, ti, máa, máa ń, yóò.” Ó ní àwọn Sípáníìṣì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn fúnra rẹ̀ ló ń paradà. Ir ni wọ́n ń pe lọ. Bí mo bá ń lọ báyìí, voy. Bí mo bá lọ lánàá tí mo sì lọ tán, fui. Bí ó bá jẹ́ ti ìgbà kan rí tí a kò sọ òpin rẹ̀, bóyá mo máa ń lọ ni o, bóyá ojú ọ̀nà ni mo wà o, iba.

Mo ní, “Ọmọ mi, níbo ni voy ti jọ fui? Níbo ni àwọn méjèèjì ti jọ iba?”

Ó ní wọn ò jọra rárá. Ó ní fui yẹn gan-an, òun náà ni wọ́n fi ń sọ pé “mo jẹ́”, tó fi jẹ́ pé “mo lọ” àti “mo jẹ́” di ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu wọn. Mo ní àwọn èèyàn wọ̀nyẹn nílò àdúrà.

Ó ní kí n má tíì gbàdúrà, torí tó bá di ti àtijọ́ tí kò lópin yìí, gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe èdè náà ló ń ṣe jẹ́jẹ́. Hablar, tí í ṣe sọ̀rọ̀, á di hablaba. Comer, jẹun, á di comía. Vivir, tí a fi ń sọ pé èèyàn ń gbé ibì kan, á di vivía. Gbogbo wọn ló ń tò lẹ́yìn ara wọn. Mẹ́ta péré ló kọ̀ jálẹ̀: ser tó di era, ir tó di iba, àti ver, ìyẹn rí, tó yẹ kó di vía àmọ́ tó ní veía ni òun máa jẹ́. Ó ní kì í ṣe oríkunkun o, àgbà ni. Era àti iba ti wà bẹ́ẹ̀ látinú èdè Látìnì, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ eram àti ibam kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ Sípáníìṣì. Ti veía, láyé àtijọ́ veer ni wọ́n ń pe rí, pẹ̀lú e méjì. Nígbà tí e kan bọ́ lára ọ̀rọ̀ náà, veía ò jọ̀wọ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Kò yà mí lẹ́nu. Nínú agboolé tiwa náà, àwọn tó dàgbà jù ni òfin owó omi kì í mú.

Àmọ́ ibi tó ti ń yé mi ni ibi tó ti fi tẹlifíṣọ̀n ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ rántí The Rich Also Cry, tí wọ́n ń ṣe lórí NTA ní àwọn ọdún 1990? Ará Mẹ́síkò ló ṣe é, ọdún 1979 ni wọ́n ṣe é lọ́hùn-ún, Verónica Castro ló ṣe Mariana. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ létí wa, ẹnu wọn á sì ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó parí. Gbogbo agboolé máa ń pé jọ sí yàrá tíṣà. Ìyá alágbo máa ń gbé àpótí rẹ̀ wá. Ẹlẹ́lùbọ́ máa ń sunkún ṣáájú kí Mariana fúnra rẹ̀ tó sunkún. Èmi máa ń din ẹ̀pà. Ọmọ tíṣà ní, “Màmá, ẹ dúró níbẹ̀. Gbogbo máa ń, máa ń, máa ń tí ẹ sọ yìí, èyí ni iba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sọ, wọn kì í parí.” Mo ní ó dáa. Ó ní, “Ní ọjọ́ kan ńkọ́?” Mo ní ní ọjọ́ kan NEPA mú iná lọ bí Mariana ṣe fẹ́ dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ó ní, “Ẹ ẹ̀ rí i! Iná lọ. Ìyẹn ni fue. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó tán.”

Mo ní kò tán o. Ojú wa rí màbo lọ́jọ́ náà. Ẹlẹ́lùbọ́ ò lè jẹun alẹ́.

Ẹ ò rí i pé kò le? Iba ni pápá, fue ni ẹni tó gba inú pápá kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ìtàn fọ́mọdé ní Sípáníìṣì, era ló ń ṣí i: érase una vez. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọjọ́ orí yín nígbà kan rí, tàbí iye tí aago ń lù nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ iba náà ni. Ó ní àwọn ọmọdé wọn gan-an, bí wọ́n bá fẹ́ ṣeré ìyàwó-ọkọ, òun ni wọ́n ń lò: yo era el rey, “kí n jẹ́ ọba”, ọba tí kò sí. Mo ní kì í ṣe ọmọdé nìkan. Gbogbo ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta nínú agboolé yìí, inú era ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí mo wà ní Kàdúná. Nígbà tí mo jẹ́ dẹ́rẹ́bà kọmíṣọ́nnà. Ẹ bi wọ́n ní owó omi ti oṣù yìí, ẹ ó rí i bí wọ́n á ti sá padà síbẹ̀.

Mo tún bi í pé àwọn wo ló tilẹ̀ ń sọ èdè náà nítòsí wa, àbí Sípéènì nìkan ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ìdí ògiri níbi tí Bàbá Páńyà ti ń yáàrùn.

Àwa tí a jọ ń gbé pẹ̀lú bàbá yìí, a rò pé orúkọ àlàjẹ́ lásán ni Páńyà. Ẹ gbọ́ o. Erékùṣù Fernando Po, tó wà lójú òkun níwájú Kàlàbá, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn Sípáníìṣì ló ni ín nígbà náà. Kòkó ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Ní 1942 ni ìjọba wa, tó ṣì wà lábẹ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, bá Sípéènì ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa kó òṣìṣẹ́ láti Nàìjíríà lọ síbẹ̀. Àwọn Ìgbò, Ìbìbíò àti Ẹ́fíìkì ló pọ̀ jù nínú wọn. Bàbá tiwa, tí ó ti mọ kòkó pa ní oko Ìsẹ̀ láti kékeré, bá àwọn ọ̀rẹ́ kan gba Kàlàbá lọ. Ilẹ̀ náà ti gba òmìnira lọ́wọ́ Sípéènì ní October 12, 1968, ó ti di Equatorial Guinea. Nígbà tó di 1973 wọ́n yí orúkọ Santa Isabel, olú ìlú wọn, padà sí Malabo. Macías ló ń ṣèjọba, ojú sì ń pọ́n àwọn èèyàn wa níbẹ̀, títí ìjọba àpapọ̀ fi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn padà wálé láàárín 1975 sí 1976. Bàbá wà nínú wọn. Àpò kan àti àdá kan ló gbé délé. Àdá náà ló fi ń ro ẹ̀yìnkùlé títí di ìsinsìnyí, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá a.

Títí di òní, Equatorial Guinea yẹn nìkan ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà dúdú tí Sípáníìṣì ti jẹ́ èdè ìjọba. Ẹ wo bó ti súnmọ́ wa tó, a wá ń wo Mẹ́síkò.

Ọmọ tíṣà ò sì dúró níbẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn wa mìíràn wà tí wọ́n ń sọ ọ́, àwọn tí kò tinú ara wọn lọ. Kúbà. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fi òpin sí oko ẹrú ní Kúbà. Baálé wa, tó ń kọjá lọ tó fi etí gbọ́ 1886, dúró gbọn-in: “Ọdún tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà Kírìjì!” Bẹ́ẹ̀ ni o, ọdún kan náà. Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn ń tọwọ́ bọ̀wé níhìn-ín, wọ́n ń tú ẹrú sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn kan tilẹ̀ padà wálé ṣáájú ìgbà náà, wọ́n dó sí Èkó. Ẹni tó bá mọ Campos Square níbẹ̀, orúkọ ìdílé tó ti Kúbà dé ni Campos.

Àwọn tí kò padà di onísípáníìṣì pọ́ńbélé, àmọ́ wọn ò gbàgbé òrìṣà. Tí wọ́n bá fẹ́ bọ òrìṣà, wọ́n á kọ́kọ́ moyuba, ìyẹn ni pé wọ́n á júbà. Tí wọ́n bá dárúkọ òkú, wọ́n á fi ibaé tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá rò ó wò. Ọmọ Yorùbá kan ní Havana, ó ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé “mo máa ń lọ sílé ìyá mi”, iba. Ó yí ojú padà, ó dárúkọ ìyá náà tó ti kú, ibaé. Èmi gbé ṣíbí agbada sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ nígbà tí ọmọ náà sọ ìyẹn. Ìyá alágbo ní òun ti wí i tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

Ó dáa. Ọkọ ẹlẹ́lùbọ́.

Ọkùnrin yìí, dẹ́rẹ́bà ni nígbà kan rí. Kò sí ìlú kan ní ìhà tiwa yìí, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Ẹmùré, tí kò ní ẹni tó ń kí i. Obìnrin kan wà ní Ẹmùré tó ń ta iṣu. Ọkọ obìnrin náà ti kú. Èmi ò sọ nǹkan kan o, mo kàn ní ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ẹlẹ́lùbọ́ yọ sí mi. Ó ní, “Ìyá Alákàrà, ẹ bá mi rí ọkọ mi?” Mo ní, “Ó ń lọ sí Ẹmùré.” Ohun tí mo sọ nìyẹn, kò lé, kò dín. Ojú mi ló ṣe nígbà tó wọ mọ́tò. Ó wọ bùbá funfun. Ó fi lọ́fíńdà. Èmi ò fi ìyẹn kún un nígbà tó bi mí, torí kò bi mí.

Ẹlẹ́lùbọ́ dúró bí ẹni tí wọ́n da omi sí lára. “Ó ń lọ sí Ẹmùré?” Mo ní, “Ó ń lọ.” Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ jọ̀ọ́, tí a bá ní lágbájá ń lọ sí Kátólíìkì, ṣé ojú ọ̀nà ló wà? Bẹ́ẹ̀ kọ́, Sunday-Sunday ló ń lọ. Tí a bá sì rí i tó gbé Bíbélì lọ́wọ́ tí a ní ó ń lọ sí Kátólíìkì, ojú ọ̀nà náà ló wà. Ń kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Èmi fi ń mi sọ ti ojú ọ̀nà. Ẹlẹ́lùbọ́ fi etí tirẹ̀ gbọ́ ti ọjọ́ gbogbo. Kí ọkọ tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹní rẹ̀ ti wà níta.

Baálé pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ mọ baálé wa, kò lè dá ẹjọ́ ewúrẹ́ láì kọ́kọ́ sọ ti ilẹ̀kùn Ògògà, ọba wa. Ó tún bẹ̀rẹ̀: bí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ṣe gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ààfin Ìkẹ́rẹ́, bó ṣe gbẹ́ Ògògà tó jókòó tó ń gba àlejò òyìnbó tí wọ́n fi àga rù wá. Bí wọ́n ṣe kó ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní London ní 1924. Bí àwọn òyìnbó ṣe fẹ́ ẹ, tí Ògògà kò tà á, tó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun kí wọ́n sì mú un. Ìtẹ́ dé, ilẹ̀kùn ò padà. British Museum ló wà báyìí. Òpó kan wà ní Chicago. “Àwa tí a jẹ́ onílẹ̀kùn,” ni baálé wí, “a ní láti gba ìwé àṣẹ kí a tó lè lọ wò ó.” Ìtàn náà dùn, mi ò purọ́, mo sì gbà pé ìtẹ́ náà ò tó pààrọ̀. Àmọ́ dùndú mi ti ń tutù, ẹjọ́ Ẹmùré ò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tíṣà rọra sọ sí mi létí pé gbogbo ohun tí baálé ń sọ yẹn, había ni, ilẹ̀kùn kan wà tẹ́lẹ̀. Mo ní kó dákẹ́ kí baálé má baà tún un bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó kàn wọ́n, ọkọ ẹlẹ́lùbọ́ dìde. “Baálé, mo lọ lẹ́ẹ̀kan. Owó iṣu ni mo lọ san.”

“Ó máa ń lọ!” ni ìyàwó rẹ̀ ké. “Ẹ bi Ìyá Alákàrà!”

Gbogbo ojú bá yí sí mi. Mo sọ fún wọn pé ó ń lọ ni mo wí. Baálé ní, “Ń tìrẹ, ti ojú ọ̀nà ni àbí ti ìgbà gbogbo?” Mo ní, “Baálé, àkàrà ni mo ń tà, n kì í ta àlàyé mọ́ ọn.” Wọ́n ní kí n má ṣe àfojúdi. Àfojúdi wo? Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi nìyẹn, òun náà ni mo sọ. Ẹni tó fẹ́ kí n fi máa kún un, kó kọ́kọ́ ra àkàrà.

Ibẹ̀ ni tíṣà ti ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun sọ̀rọ̀, torí ó ti kọ́ èdè kan tó ń la àárín àwọn nǹkan yìí gédégbé. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó ṣàlàyé. Bí bàbá bá lọ lẹ́ẹ̀kan, fue. Bí wọ́n bá máa ń lọ, iba. Baálé mi orí, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Ìyẹn ni pé èdè yìí lè dá ẹjọ́ wa. Èyí tí Ìyá Alákàrà sọ wá ńkọ́, ó ń lọ, tó rí i lójú ọ̀nà?”

Ọmọ náà wolẹ̀. “Baálé, ìyẹn náà, iba ni.”

Ariwo sọ. Ìyá alágbo ní ẹ ò rí i, ibà kan náà ni látàárọ̀. Ọmọ náà bá tún fi epo sí iná, ó ní ìṣòro mìíràn wà: “èmi” àti “òun”, iba ni àwọn méjèèjì, kò sí ìyàtọ̀ àfi tí èèyàn bá dárúkọ ẹni tó ń sọ. Tíṣà ní kí ó jókòó. Ẹnì kan lẹ́yìn bá béèrè pé ta wá ni ó lọ sí Ẹmùré nígbà náà, ṣé Ìyá Alákàrà ni? Mo ti mọ ohùn ẹni náà. A ó jọ pàdé lọ́jà ọba.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Páńyà na ọ̀pá rẹ̀ sókè. Bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ó ní ní oko kòkó lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní finca, capataz ló ń ṣọ́ wọn. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa kúrò nínú oko lóru. Ní òru ọjọ́ kan, òun yọ́ jáde láti lọ mu ọtí ní ìlú. Kò tíì rìn jìnnà tí fìtílà fi tàn sí òun lójú. “¿Adónde ibas?” Níbo lò ń lọ? Bàbá ní òun ronú. Bí òun bá ní fui, òun ti lọ nìyẹn, ó ti di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà sì ti pé. Òun ní iba. Iba al pueblo. Òun ń lọ ni, òun ò tíì débẹ̀, òun lè yí padà nísinsìnyí pàápàá. Capataz rẹ́rìn-ín, ó ní kí òun padà sùn.

Agboolé pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ọkọ ẹlẹ́lùbọ́ ni mo ń wò ní tèmi, ojú rẹ̀ ti tàn bí ẹni tó rí owó he. Ó fò dìde.

“Baálé! Iba! Iba ni tèmi náà! Mo ń lọ ni, n kò débẹ̀!”

Ẹlẹ́lùbọ́ ò pariwo mọ́. Ó gbá gèlè rẹ̀ mọ́ orí, ó rọra yíjú sí i. “Àbájọ. Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ní o lọ lẹ́ẹ̀kan, o san owó iṣu. Ta lo san án fún lójú ọ̀nà?”

Ẹnu ọkùnrin náà ṣí, kò rí nǹkan kan sọ. Fue àti iba ti fún un lọ́rùn. Baálé wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀, ó wo ọmọ tíṣà bí ẹni pé ọmọ náà lè mú ọ̀rọ̀-ìṣe kẹrin jáde tó máa gba ọkùnrin náà là. Kò sí. Ó dá a lẹ́bi kẹ́ẹ̀gì ẹmu kan, ó tún dá èmi náà lẹ́bi àkàrà agboolé, pé ń mi ò ní ìlà. Mo gbà, torí ẹmu ò ṣeé mu láìsí nǹkan.

Bí wọ́n ti ń tú ká, ẹlẹ́lùbọ́ fa ọmọ tíṣà sẹ́yìn. Ó ní, “Ọmọ mi, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé o máa ń jẹun nílé yìí tẹ́lẹ̀?” Ọmọ náà ní, “Comías en casa.” Ó ní, “Ṣé ìyẹn náà wà lára àwọn mẹ́ta tí kì í gbọ́ràn?” Ọmọ náà ní rárá, comer ń tẹ̀lé òfin, kò ní wàhálà kankan nínú. Ẹlẹ́lùbọ́ ní ìyẹn gan-an lòun fẹ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró.

Ní alẹ́, tí gbogbo èèyàn ti wọlé, ta ni mo rí níwájú agbada mi? Bùbá funfun náà ti rún. Ó ní kí n fún òun ní dùndú, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, òun á san án lópin oṣù. Mo ní n kì í tà láwìn fún ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun dé Ẹmùré. Ó tú àpò rẹ̀ wò, ó san owó, ó jókòó sórí àpótí ìyá alágbo, ó jẹ ẹ́ ní gbígbóná.